Nígbà tí Owó Ọjà Bá Wálẹ̀, Ta Ni Ó San Ìyókù?

Kò sí ìròyìn tí ó dùn létí ìyàwó ilé bí ẹni pé kí ó dé ọjà kí wọ́n sọ fún un pé gàrí ti dínwó. Ojú rẹ̀ yóò tàn, ọwọ́ rẹ̀ yóò yá láti tú àpò, ìlérí tí ó ti ń ṣe fún àwọn ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò sì wá sí ìmúṣẹ ní ọjọ́ náà. Bí ó bá délé, yóò ròyìn rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, yóò ròyìn rẹ̀ fún aládùúgbò, gbogbo wọn yóò sì gbà pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀gẹ́ náà ńkọ́? Àwọn obìnrin tí wọ́n bó o, tí wọ́n rin ín, tí wọ́n sì jókòó ti agbada gbígbóná láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀ kí wọ́n lè yan án ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó béèrè wọn.

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé jọ gbé yẹ̀ wò. Èrò tèmi ni pé kò tó kí a mọ̀ pé owó ọjà wálẹ̀. Ohun tí ó fà á wálẹ̀ ni ó yẹ kí a wádìí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń mú ọjà dínwó kì í ṣe ẹyọ kan. Òjò lè rọ̀ dáadáa kí iṣu pọ̀. Ẹ̀rọ tuntun lè dé kí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n méjì kan wà tí a kì í sábà rò papọ̀, àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ìdíje láàárín àwọn tí ń tajà, àti ìdúnàádúrà láàárín òṣìṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Àwọn méjèèjì lè mú kí ọjà dínwó. Ẹni tí ó ń san ìyókù owó náà ni kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdíje, nítorí òun ni ó rọrùn láti rí. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ta iyọ̀ ní abúlé, iye tí ó bá wù ú ni yóò pè é. Bí oníbàárà bá fajú ro, yóò ní kí ó máa lọ sí ibòmíràn, ó sì mọ̀ pé kò sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá gbé àtẹ iyọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ ní iwájú rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ yóò rọ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kí ènìyàn kí wọ́n tó kí i, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ènì. Ènì tí à ń gbà lọ́jà, tí a rò pé inú rere ni ó bí i, ọmọ ìdíje ni.

Àwọn òbí yín rí irú rẹ̀ kan tí ó tóbi ju ti iyọ̀ lọ. Títí di 2001, ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ ni àwa ènìyàn ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní NITEL ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà. Ẹni tí ó bá ní tẹlifóònù nínú ilé rẹ̀, ẹni ńlá ni. Ní January 2001 ni ìjọba ta àṣẹ láti máa ṣe tẹlifóònù alágbèéká fún àwọn ilé-iṣẹ́ mélòó kan, ní 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó di August ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n apá wa kò ká a. Káàdì kékeré tí à ń fi sínú fóònù nìkan lé ní ₦20,000, ní àkókò tí owó oṣù tí ó kéré jùlọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦7,500. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bí ₦50. Èyí tí ó tún burú jù ni pé odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà: bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré kí ó tó pa á, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni yóò san. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn àgbàlagbà ìgbà náà fi máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni tí iná ń lé bọ̀ lẹ́yìn, tí kò sí àyè láti béèrè àlàáfíà ara. Àwọn mìíràn kàn ń jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gé e, kí ẹni tí ó lówó lè pè wọ́n padà.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, kí ló dé tí a kò lè máa san owó ìṣẹ́jú-àáyá tí a lò nìkan? Èsì tí a fún wọn ni pé kò tí ì ṣeé ṣe, pé ó di ọdún mélòó kan sí i. Nígbà tí ó di August 2003, Globacom, ilé-iṣẹ́ Mike Adenuga, wọ ọjà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó sì ti ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Kò pẹ́ rárá tí ohun tí kò ṣeé ṣe fi ṣeé ṣe fún àwọn yòókù. Owó káàdì náà já wálẹ̀, ó ń já bọ̀ títí a fi ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá títì. Nígbà tí yóò fi di 2013, ìlà tí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti lé ní 100 mílíọ̀nù.

Ta ni ó san ìyókù níhìn-ín? Apá kan wá láti inú èrè àjẹjù tí àwọn olówó ń jẹ nígbà tí kò sí alábàádíje. Apá tí ó pọ̀ jù wá láti inú ọ̀pọ̀ oníbàárà: ẹni tí ó ń jèrè ₦1 lára ènìyàn mílíọ̀nù kan kò nílò láti jèrè ₦1,000 lára ènìyàn ẹgbẹ̀rún kan. A kò gé owó oṣù ẹnikẹ́ni kí fóònù tó dínwó. Kàkà bẹ́ẹ̀, àìlóǹkà ènìyàn rí iṣẹ́ ṣe nínú rẹ̀, láti orí ẹni tí ń gun òpó ìgbóhùn títí dé orí ọmọdébìnrin tí ń ta káàdì lábẹ́ igi. Irú ìdínwó báyìí ni mo ń pè ní ìdínwó tí kò ní ẹkún nínú.

Ìdíje kì í dé fúnra rẹ̀ o, nítorí kò sí ọlọ́jà tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn díje bá ríbi fohùn ṣọ̀kan, wọn yóò ṣe é. Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà ṣe àdéhùn láàárín ara wọn pé àwọn kò ní máa fi owó lé owó lórí kòkó mọ́. Owó kòkó ọdún náà ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà ayé. Àdéhùn yìí tún wá dí ọ̀nà tí àgbẹ̀ ìbá gbà wá olùrà tí yóò fi díẹ̀ kún un. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kó kòkó wọn pamọ́, wọ́n kọ̀ láti tà á, wọ́n sì kọ̀ láti ra ọ̀pọ̀ ọjà Òyìnbó, láti ìparí 1937 títí di April 1938, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán ìgbìmọ̀ wá wádìí ọ̀ràn náà. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí: lójú ẹni tí ń ra kòkó, owó ọjà wálẹ̀, ó sì dára; lójú àgbẹ̀, owó tí yóò fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé ni ó wálẹ̀. Owó ọjà tí ẹnì kan ń san, owó oúnjẹ ẹlòmíràn ni.

Èyí ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ náà, oníṣòwò ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní àtẹ. Agbára apá rẹ̀ àti ọgbọ́n orí rẹ̀ ni ó ń tà. Owó oṣù ni iye tí a ná an sí. Bí ó bá dá nìkan dúró níwájú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá, ó dà bí ẹni tí ó gbé agbọ̀n tòmátì kan ṣoṣo wá sí ọjà ní ìrọ̀lẹ́: ẹni tí ń rà mọ̀ pé bí kò bá tà á lónìí, yóò bàjẹ́. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́, kí wọ́n lè jọ ná an.

Ní ilẹ̀ Jàpáàn, ìdúnàádúrà yìí ní àkókò tirẹ̀, bí ọdún ìbílẹ̀ ṣe ní àkókò tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti 1955 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń gbìyànjú láti bá àwọn agbanisíṣẹ́ jókòó ní ìgbà kan náà, ní ìgbà ìrúwé, kí ẹnikẹ́ni má baà dá jà. Shunto ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìjà ìgbà ìrúwé, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń ja èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní òpin 1973, owó epo rọ̀bì fò sókè ní gbogbo ayé, Jàpáàn kò sì ní epo tirẹ̀. Ní 1974, owó ọjà ibẹ̀ fi nǹkan bí 23 nínú 100 lé sí i; àwọn òṣìṣẹ́ bínú, wọ́n sì gba àfikún owó oṣù tí ó tó nǹkan bí 33 nínú 100. Ó yẹ kí inú wọn dùn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà inú wọn rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di bíbu omi sínú ajere. Bí ilé-iṣẹ́ bá san 33, yóò gbé e lé orí ọjà. Bí ọjà bá tún wọ́n, òṣìṣẹ́ yóò tún padà wá béèrè. Ní 1975, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbà láti fara mọ́ nǹkan bí 13 nínú 100. Àwọn agbanisíṣẹ́ ní tiwọn gbìyànjú kí wọ́n má lé ènìyàn. Nígbà tí ó di 1976, ìbísí owó ọjà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 9 nínú 100, ní 1978 kò ju 4 lọ púpọ̀.

Ní àwọn ọdún yẹn gan-an ni àwa náà gba owó tiwa. Ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji dábàá àfikún ńlá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974, a sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Owó epo wà, kò sí ẹni tí ó ní kí a jókòó rò ó. Owó kún ọwọ́ ènìyàn lójijì, ṣùgbọ́n ìsù iṣu kan kò lé sí i nínú oko, bẹ́ẹ̀ ni ilé kan kò lé sí i ní ìgboro. Àwọn onílé gbọ́ ìròyìn náà kí àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tó gba owó ọ̀hún, wọ́n sì ti fi kún owó ilé. Owó ọjà ọdún náà fi ohun tí ó lé ní 30 nínú 100 ga sí i. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí a kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀, òun náà san án.

Bí mo bá dúró síhìn-ín, ẹnikẹ́ni yóò rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí òṣìṣẹ́ máa gba ìwọ̀nba kí ọjà lè máa dínwó. Rárá o. Oògùn tí a fi wo ibà, bí a bá ń mu ún nìṣó nígbà tí ibà ti lọ, ara kan náà ni yóò padà dà láàmú. Jàpáàn kan náà ni ó fi èyí hàn wá.

Ní òpin 1989, owó ilẹ̀ àti owó ìpín-ìdókòwò ní Jàpáàn ti ga kọjá ààlà. Láti 1990 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Gbèsè kún ọrùn àwọn ilé-iṣẹ́ àti báńkì. Ní 1997, àwọn ilé owó ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ẹ̀rù iṣẹ́ wá ba àwọn òṣìṣẹ́ ju ẹ̀rù owó oṣù lọ. Níbi ìdúnàádúrà, ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé, ẹ má lé wa, a kò ní béèrè púpọ̀. Ní 2002, Toyota jèrè tí ó lé ní tírílíọ̀nù kan yẹ́ẹ̀nì, èrè tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ béèrè àfikún kékeré lórí owó oṣù gan-an, wọn kò rí nǹkan kan gbà. Bí ẹni tí ó jèrè tó báyẹn kò bá fi kún un, ta ni yóò fi kún un? Gbogbo àwọn tí ó kù wo ojú rẹ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tún rí ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń gba àwọn òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀, tí kò sí nínú ẹgbẹ́, tí kò sì ní ẹni tí yóò bá wọn ná owó. Ní nǹkan bí 1990, irú wọn jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Nígbà náà ni ìdíje wá wọ inú rẹ̀. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò lé, ohun ọ̀pọ̀ ni yóò máa wá kiri. Àwọn ọlọ́jà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í figa gbága lórí ta ni yóò tà á ní ọ̀pọ̀ jùlọ. Ní 2001, Yoshinoya, ilé oúnjẹ tí ń ta ìrẹsì tí a bu ẹran màlúù lé lórí, já owó abọ́ kan wálẹ̀ láti 400 yẹ́ẹ̀nì sí 280. Àwọn alábàádíje rẹ̀ kò sì gbẹ́yìn. Bí abọ́ oúnjẹ bá já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, níbo ni a óò ti mú owó ẹni tí ń sè é? Láti inú owó oṣù rẹ̀ ni. Òun náà yóò sì padà di ẹni tí ń wá ohun ọ̀pọ̀ kiri. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ìdínkù owó ọjà náà kò tilẹ̀ pọ̀ lójú. Lọ́pọ̀ ọdún kò tó 1 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tí ó yá owó kọ́lé nígbà tí nǹkan ṣì dára. Owó oṣù rẹ̀ ń wálẹ̀, owó tí a lè ta ilé náà ń wálẹ̀, owó ìrẹsì ń wálẹ̀. Gbèsè nìkan ni kò wálẹ̀. Gbogbo ohun ọ̀pọ̀ tí ó rí rà lọ́jà kò tó láti dí ihò yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ilé-ìwé gíga ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, tí wọn kò rí iṣẹ́ gidi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí i mọ́ títí wọ́n fi di àgbàlagbà. Àwọn ni wọ́n san ìyókù owó abọ́ ìrẹsì náà.

Ó mọ́ àwọn ènìyàn náà lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di pé, ní 2016, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe yìnyín dídùn fi 10 yẹ́ẹ̀nì kún owó rẹ̀, láti 60 sí 70, lẹ́yìn ọdún 25 tí iye náà kò ti yí padà, àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tò sójú kan nínú ìpolówó lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì tẹrí ba tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé orílẹ̀-èdè tí fífi 10 yẹ́ẹ̀nì kún owó yìnyín ti di ẹ̀ṣẹ̀, kò lè rọrùn níbẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láti la ẹnu rẹ̀ béèrè àfikún owó oṣù.

Ẹnì kan lè sọ pé, àwa tí owó ọjà ń ga lójoojúmọ́, kí ni ó kàn wá nínú ìṣòro ẹni tí tirẹ̀ ń wálẹ̀? Òótọ́ ni pé ní 2024, ìbísí owó ọjà ní Nàìjíríà lé ní 30 nínú 100, tí ìjọba fi gbé owó oṣù tí ó kéré jùlọ láti ₦30,000 lọ sí ₦70,000. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó wà lẹ́nu wa. Bí a bá ń béèrè pé kí ọjà dínwó, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè pé kí àwọn tí ń ta sìmẹ́ǹtì, àwọn tí ń ta ìyẹ̀fun, àwọn tí ń fi ọkọ̀ kó ẹrù pọ̀ sí i, kí wọ́n sì máa bá ara wọn díje ní gbangba. Kí a má fi ìrọ̀rùn gbà pé kí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ẹni tí ń yan gàrí máa gba ohun tí kò tó wọn jẹ kí nǹkan lè rọ àwa yòókù lọ́rùn. Bí àwọn yẹn kò bá lówó lọ́wọ́, ta ni yóò ra ohun tí a ń tà?

Àwọn ará Jàpáàn fúnra wọn ti dé ìparí èrò yìí, bí ó tilẹ̀ pẹ́ wọn. Láti 2013 ni báńkì àgbà wọn ti fi í ṣe àfojúsùn pé kí owó ọjà máa fi 2 nínú 100 ga lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ọjà kò dá a lóhùn, nítorí pé owó oṣù kò lé. Ìgbà tí owó epo àti oúnjẹ tí ń ti òkè òkun wá ga ní 2022 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè. Ní ìgbà ìrúwé 2024, wọ́n gba àfikún tí ó lé díẹ̀ ní 5 nínú 100, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti ohun tí ó lé ní 30 ọdún. Ní March ọdún náà, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí èsì àkọ́kọ́ láti ibi ìdúnàádúrà náà jáde, báńkì àgbà gbé èlé rẹ̀ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 17. Èsì yẹn ni wọ́n ní àwọn ti ń dúró dè.